Fìlà Lọ́fun Ẹ́ńjìnnì

Fìlà ni Bọ̀sún mẹkáníìkì fà jáde lọ́fun ẹ́ńjìnnì náà, òun pàápàá kò sì kọ́kọ́ mọ̀ pé fìlà ni. Ó ti da ọ́ìlì sínú irin òkú náà, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti fi ọ̀pá gígùn yí i títí ìpẹtà fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ti fọ gbogbo ọ̀nà tí dísẹ̀lì ń gbà, ó sì so bátìrì ńlá méjì mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì yí, ó yí, kò gbá, èéfín kò tilẹ̀ yọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun méjì péré ni ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ń bẹ̀ ẹ́: kó mu, kó sì mí. Èyí ti mu. Bọ̀sún wá tú páìpù tó fi ń mí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fa nǹkan dúdú rádaràda kan jáde. Nígbà tó fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ tán, fìlà funfun ni.

Ó wé e sínú ọ̀rá, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ojú Ọ̀nà Addo, ó sì gbé e lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Mẹkáníìkì tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọlọ́pàá ṣọ̀wọ́n lágbègbè Ajah. Ìdí nìyẹn tí Inspẹ́kítọ̀ Azeezat Mákánjúọlá fi gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀ láti gbọ́ tẹnu rẹ̀.

“Mádáàmù, mi ò fẹ́ wàhálà,” ni Bọ̀sún wí. “Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páńtí irin ni mo ti ra ẹ́ńjìnnì yìí. Àwọn tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà ló ní kí n jí i dìde fún àwọn. Ìgbà tí mo nù ún tán ni mo rí ibi tí mo ti jó irin mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. Mo mọ ojú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì tírélà Ọdúnjọ ni.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ Ọdúnjọ láti Ajah títí dé Ibeju-Lekki. Ọdún kẹta rèé tí tírélà tó kó tílẹ̀ ìtẹ́lẹ̀ ilé láti èbúté já sí kòtò omi ní Lakowe. Wọ́n rí ọkọ̀. Wọn ò rí tílẹ̀, wọn ò sì rí Ọdúnjọ Olúdélé tó wà á. Ọ̀gá Akínwùmí Akínọ̀ṣọ́ tó ni ọkọ̀ sọ pé awakọ̀ òun ti ta ẹrù, ó ti ọkọ̀ sí kòtò, ó sì sá lọ. Ìlú gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti gbà.

Azeezat tú ọ̀rá náà wò. Nígbà kan rí, irú nǹkan báyìí máa ń mú kí ọkàn rẹ̀ lù kìkì. Ní báyìí, ó ti tó ọdún mélòó kan tí nǹkan kan kò dùn ún, tí nǹkan kan kò sì dùn mọ́ ọn. Ó ń jí, ó ń kírun, ó ń wá síbi iṣẹ́, ó ń padà sílé. Inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé lórí pẹ́, tó kú tipiri.

“Báwo ni fìlà ṣe ń dé ọ̀fun ẹ́ńjìnnì?” ló bi Bọ̀sún.

“Ẹ́ńjìnnì náà ya wèrè ni, mà.”

“Ẹ́ńjìnnì ń ya wèrè?”

“Ti dísẹ̀lì máa ń ya á. Tí ọ́ìlì ara rẹ̀ bá ń jò sínú ọ̀nà èémí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, á máa sáré burúkú. Ẹ lè yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ lè dí dísẹ̀lì mọ́ ọn, kò ní gbọ́. Ohun kan ló kù téèyàn lè ṣe. Kí ẹ wá ohun tó wà nítòsí, kí ẹ fi dí ibi tó fi ń mí. Aṣọ tí ẹ bá fi dí i, á fà á mu wọnú.”

“Ṣé èyí lè ya wèrè lónìí, tí ẹ bá tan án?”

“Ibi tó ń jò, mi ò tíì ṣe é. Á ya á, mà, kò ní pẹ́ rárá.”

Azeezat rò ó. Nígbà tí ọkọ̀ wà nínú kòtò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù, ẹnìkan dúró tì í, ó ṣí fìlà, ó sì fi pa á lẹ́nu mọ́. Ta ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe awakọ̀? Ìjọ aláṣọ funfun ni Ọdúnjọ ń lọ, fìlà funfun kò sì jìnnà sí irú wọn. A jẹ́ pé ó yè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tó wà nínú fáìlì mu, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀.

*

Ó gba eruku kúrò lára fáìlì náà lórí tábìlì rẹ̀. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ kò ju méje lọ. Ní ojú ìwé kẹta ló ti rí i pé ọwọ́ òun alára ni wọ́n fi kọ ọ́. Sájẹ́ǹtì ni nígbà náà. Òun ni wọ́n rán lọ sí Lakowe láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó sì ti gbàgbé pátápátá.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Akínwùmí ló ṣáájú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì lòun tó dé ibẹ̀. Òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, owó ọkọ̀ lòun mọ̀ ọ́n san, àwọn awakọ̀ ló mọ ìyókù. Lábẹ́ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Azeezat fi kún un pé ọkùnrin náà ṣe ohun rere, nítorí pé bí wọ́n ṣe fa ọkọ̀ jáde ni ó ti kó típà yanrìn mẹ́fà wá dí kòtò náà, kí ẹlòmíràn má bàa já sí i.

Ọ̀rọ̀ Ìyàwó Ọdúnjọ tẹ̀ lé e, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Ìyá Tolúwani. Ó ní òun kò mọ ibi tí ọkọ òun wà.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti Ìyá Àṣàbí, arúgbó tó ń dáko gbágùúdá lódìkejì omi. Yorùbá ni ìyá náà sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni Sájẹ́ǹtì Azeezat kọ, bí àwọn ọlọ́pàá ti máa ń ṣe. Tí a bá dá Gẹ̀ẹ́sì náà padà sí Yorùbá, ohun tó wí ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń ké feyi feyi títí ó fi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ feyi náà, kò fi àmì kankan sí i lórí, bí ìgbà téèyàn ń kọ ìró bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tó ń yọ̀.

Azeezat pe Bọ̀sún lórí fóònù.

“Ọ̀gá Bọ̀sún, tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá ya wèrè, irú ìró wo ló máa ń ṣe? Ṣé ó máa ń ké fẹ́ì-fẹ́ì?”

Bọ̀sún rẹ́rìn-ín. “Rárá, mà. Á máa hu ni. Ẹ ò ní gbọ́ bẹ́líìtì, ẹ ò ní gbọ́ ohunkóhun. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an, ẹ ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ.”

Azeezat dúpẹ́, ó sì fi fóònù sílẹ̀. Ó tún ìlà náà kà. Kí ló wá ń ké feyi feyi? Ó mú ọ̀rá fìlà náà, ó sì jáde.

*

Aṣọ àdúrà ni Ìyá Tolúwani ń rán ní Addo, sùtánà funfun àti ọ̀já rẹ̀, fún àwọn ará ìjọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi ju ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ àti àga méjì lè gbà lọ. Sùtánà ọkùnrin kan wà tó gbé kọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti rán an tán, àmọ́ wọn ò ṣẹ́ etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Òwú rẹ̀ ń já wálẹ̀.

Ó wo fìlà náà, kò sunkún, kò sì dìde. Ó kàn gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀.

“Ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọkọ yín ni wọ́n ti rí i,” ni Azeezat wí. “Ṣé tirẹ̀ ni?”

Ìyá Tolúwani yí inú fìlà síta. Ó fi ìka tọ iṣẹ́ ọnà tó yí etí rẹ̀ ká. “Wọ́n ti fọ ọ́ìlì yìí kúrò, àbí?”

“Wọ́n ti fọ̀ ọ́.”

“Aṣọ ti funfun padà. Òwú yìí dúdú síbẹ̀. A jẹ́ pé òwú dúdú ni látilẹ̀.” Ó gbé e fún un. “Dúdú kì í wọ inú aṣọ àdúrà wa. Ta ló máa rán an? Èmi kọ́, nítorí èmi ni mo ń rán gbogbo tirẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, orí Bàbá Tolúwani kéré. Orí ńlá ló ni fìlà yìí.”

Ibi tí Azeezat ti ro ọ̀rọ̀ sí dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹlòmíràn ló pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹni tó ní orí ńlá, tó sì rí owó fi ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó wá sọ pé òun wà níbẹ̀?

“Ta lẹ rán èyí fún?” ló béèrè, ó ń na ọwọ́ sí sùtánà ara ògiri.

“Bàbá Tolúwani ni. Ọ̀sẹ̀ tó lọ ni mo rán an.” Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka iye aṣọ fún oníbàárà. “Ó kù kí n ṣẹ́ etí rẹ̀. Tó bá dé, màá ṣẹ́ ẹ kó lè dé kókósẹ̀, kó máa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá jẹ́ pé ó ti kú, gígùn la ń fi í sílẹ̀ kó lè bo ẹsẹ̀. Mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe. Àwọn àgbà ìjọ kò lè ṣe ìsìn òkú fún ẹni tí wọ́n ní ó sá lọ. Tolúwani bi mí lọ́jọ́ kan bóyá opó ni mí, mo ní kó lọ fọ abọ́. Ẹ bá mi wádìí rẹ̀, Mádáàmù. Èyíkéyìí tó bá jẹ́.”

Azeezat mú bírò àti ìwé jáde. Ó ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti rí fìlà náà. Obìnrin náà gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó rọra fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní iléèwé: Fẹ́yìsayọ̀ Olúdélé.

Azeezat wo ìwé náà pẹ́.

“Fẹ́yìsayọ̀ lorúkọ yín?”

“Òun ni. Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, Ìyá Tolúwani ni gbogbo ayé ń pè mí.”

“Ọkọ yín ńkọ́?”

“Òun nìkan ló kù tó ń pè é. Tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí, á ní, ‘Fẹ́yì, Fẹ́yì.’ Lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń pè é.”

Azeezat rántí feyi feyi inú fáìlì. Ìró kan kì í ṣe ẹ̀rí, kò sì yẹ kéèyàn gbé irú rẹ̀ síwájú obìnrin yìí tí kò bá tíì dá a lójú. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì wọ mọ́tò lọ sí Lakowe.

*

Ìyá Àṣàbí ń bó gbágùúdá níwájú ilé rẹ̀. Ìjẹ̀bú ṣì wà lẹ́nu ìyá náà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ó dá ohùn Azeezat mọ̀.

“Ọlọ́pàá mi. O ti sanra.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá.” Azeezat kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. “Ìyá, lọ́jọ́ tí tírélà ṣubú, ẹ sọ fún mi pé ó ké títí ó fi dákẹ́. Kí ló ké?”

“Èwo nínú méjèèjì?”

Azeezat sún mọ́ ọn. “Méjì ni wọ́n?”

“Ọkọ̀ ké, ènìyàn náà ké. Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ọkùnrin kan fi mọ́tò kékeré dé, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, kò pẹ́ ni ọkọ̀ dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo tó wá gbọ́ ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀. Fẹ́yì, fẹ́yì, ló ń wí. Mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ó ṣe títí, òun náà dákẹ́.”

“Ẹ ò lọ síbẹ̀?”

“Omi wà láàárín wa, ọmọ mi. Mo sì rí i pé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní olùrànlọ́wọ́ ti dé, mo gbé agbọ̀n mi, mo lọ. Ìgbà tí wọ́n ní awakọ̀ sá lọ, mo ní a jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá.”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ènìyàn ni?”

Ìyá Àṣàbí dá ọ̀bẹ dúró. “Mo sọ ọ́. Mo ní ó ké, ó ké, títí ó fi dákẹ́. Ìwọ lo kọ ọ́. O kà á fún mi lédè òyìnbó, o ní kí n tẹ̀ka, mo sì tẹ̀ ẹ́.”

Òótọ́ ni. Nínú èdè Yorùbá, ‘ó’ kan náà la fi ń pe ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti ọkọ̀. Èdè òyìnbó ló máa ń fi tipátipá béèrè pé èwo ni. Lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ebi àti oòrùn Lakowe, Sájẹ́ǹtì Azeezat yan èyí tó rọrùn láti kọ, ó sì sọ ọkọ Fẹ́yìsayọ̀ di irin. Ó ń retí kí ó dun òun. Kò tíì dùn ún. Ó kàn mọ̀ pé ó yẹ kí ó dun òun.

“Ẹ rí ojú ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ yẹn?”

“Ojú ti ń ṣú, wọn ò tíì kí ìrun Mọ̀gàríbì. Ohun tí mo rí ni pé ó dé fìlà funfun nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ lókè, orí rẹ̀ ló ń dán.” Ìyá náà tún mú ọ̀bẹ. “Àmọ́ ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ṣeun o. Lọ́jọ́ kejì ló kó yanrìn wá dí kòtò yẹn. Gbogbo wa ló gbàdúrà fún un.”

Azeezat rìn lọ síbi tí kòtò náà ti wà rí. Àwọn tó ń ta pákó ti gba ibẹ̀. Ó dúró lórí yanrìn náà láàárín pákó, ó wo bàtà rẹ̀. Ta ní ń dí kòtò lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, nígbà tí kò tíì mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ wà? Ẹni tó bá mọ ibi tí ẹrù wà, tó sì mọ ohun tó wà nínú kòtò ni.

Ṣùgbọ́n ojú arúgbó àti típà yanrìn kò tó níwájú adájọ́. Olówó ni Akínwùmí, lọ́yà rẹ̀ yóò sì jẹ Ìyá Àṣàbí mọ́ ẹran. Ó tún pe Bọ̀sún.

“Ọ̀gá Bọ̀sún, ẹ má tún ibi tó ń jò yẹn ṣe o. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

*

Ọ̀gá Akínwùmí dé ṣọ́ọ̀bù Bọ̀sún lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pẹ̀lú léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run àti fìlà funfun tí òwú dúdú yí etí rẹ̀ ká. Inú rẹ̀ dùn. Azeezat ti sọ fún un pé kó wá fojú kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí fáìlì, kí àwọn lè pa fáìlì náà dé.

“Ẹ kú àbọ̀, sà. Ṣé ẹ dá ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀?”

“Inspẹ́kítọ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì ò ha jọra lójú mi? Mi ò mọ orí mi ò mọ ìdí. Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.”

“Ẹ ò sì dé ibẹ̀ àfi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.”

“Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni. Ìgbà yẹn ọmọkùnrin náà ti sá lọ.”

“Ó dáa, sà. Ọ̀gá Bọ̀sún kàn fẹ́ tan án kí a lè kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́.”

Bọ̀sún fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì yí, ó wúkọ́, èéfín dúdú tú jáde, ó sì gbá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú páńtí, ó tún ń sọ̀rọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú kan ó ń lọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà èéfín náà di aláwọ̀ búlúù, ìró rẹ̀ gòkè, ó tún gòkè. Bọ̀sún yọ kọ́kọ́rọ́. Kò gbọ́. Ó dí dísẹ̀lì mọ́ ọn. Kò gbọ́. Irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí ìdúró rẹ̀, ó ń hu débi pé páànù òrùlé ń gbọ̀n. Bọ̀sún gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fẹ̀yìn rìn jáde, gẹ́gẹ́ bí òun àti Azeezat ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Azeezat náà fẹ̀yìn rìn. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Akínwùmí.

Ẹni tí kò mọ orí, tí kò mọ ìdí, ì bá ti sáré bọ́ sí títì. Akínwùmí sáré síwájú ni. Ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ gba abẹ́ páìpù tó gbóná, ó sì ki fìlà náà sí ẹnu ihò kan ṣoṣo tó yẹ kó kì í sí, láìwá a, láìṣìnà. Ẹ́ńjìnnì fà á mu. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ lójijì débi pé wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ta nǹkan ní títì. Akínwùmí dìde dúró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Azeezat mú fìlà ti àkọ́kọ́ jáde nínú ọ̀rá, ó gbé e sórí tábìlì sípánà níwájú rẹ̀.

“Ìkejì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fún un yẹn, sà.”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà.

“Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́,” ni Azeezat wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ní kó wí. “Ohun tí ẹ bá sọ, màá kọ ọ́.”

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Akínwùmí gba àwọn àgbà gbọ́, ó bá jókòó sórí táyà kan.

“Mi ò pa á o,” ló wí. “Ẹ́ńjìnnì ló ya wèrè fún un. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí lójú mi, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni.”

“Tílẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n ti já a sílé mi kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo ní kó wa òfìfo lọ, kó sọ pé àwọn adigunjalè gbà á. Ó ní òun ò lè ṣe é. Ó ní tóun bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lẹrù, òótọ́ lòun máa sọ.”

“Ẹ bá a láàyè nínú kòtò.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sábẹ́ irin. Mo pa ẹ́ńjìnnì kí àwọn èèyàn má bàa gbọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́, òun ni mo wá ń gbọ́.” Ó fi ọwọ́ ọlọ́ìlì nu ojú. “Mo dúró. Mo ní tó bá yè, yóò sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ púpọ̀.”

“Ó ṣe títí,” ni Azeezat wí. “Ẹni tó wà lódìkejì omi ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló ń sọ, sà?”

“Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè.”

Azeezat kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá, kò sì tú u sí èdè kankan.

*

Wọ́n kó pákó kúrò, wọ́n gbẹ́ yanrìn náà fún ọjọ́ méjì. Ohun tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò tí kò sẹ́ni tó wò lọ́jọ́ tí wọ́n fa ọkọ̀.

Azeezat nìkan ló lọ sí Addo. Ó bá Ìyá Tolúwani nídìí ẹ̀rọ, ó jókòó, ó sọ ohun gbogbo fún un ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: tílẹ̀, kòtò, fìlà, yanrìn. Obìnrin náà ń gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ láìtẹ̀ ẹ́.

“Kò jalè,” ni obìnrin náà wí nígbà tí Azeezat parí.

“Kò jalè. Nítorí pé kò fẹ́ parọ́ ló fi kú.”

“Kò sì sá fi mí sílẹ̀.”

“Kò sá. Ìyá Tolúwani, ó ku ohun kan.” Azeezat mú ìwé àtijọ́ náà jáde, ó fi ìka sí orí ìlà rẹ̀. “Èmi ni mo kọ èyí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹnìkan gbọ́ ohùn rẹ̀, ó wá sọ ọ́ fún mi, mo sì kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnnì ni. Orúkọ yín ló ń pè. Ká ní mo béèrè orúkọ yín lọ́jọ́ náà, ẹ ì bá ti sin ín látọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀ yín.”

Obìnrin náà mú ìwé náà. Ó wá ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rí i, feyi feyi, láìní àmì. Ó mú bírò tó fi ń fa ìlà sí aṣọ, ó sì fi àmì sí i lórí, sí ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì.

“Ìgbà mélòó ló pè mí?”

“Ìyá tó gbọ́ ọ kò kà á. Ó ní ó ṣe títí.”

“Ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mò ń ránṣọ.” Ó dìde, ó sọ sùtánà ara ògiri kalẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀ ní gígùn, èyí tí yóò bo ẹsẹ̀. Ó rán an yípo láìyára. Nígbà tó já òwú náà tán, ó tẹ́ ọwọ́ lé orí aṣọ.

“Ẹ́ẹ̀n, Bàbá Tolúwani,” ló wí. “Mo ti gbọ́.”

Omi bọ́ lójú Azeezat sórí fáìlì náà, ó sì yà á lẹ́nu, nítorí ó ti rò pé kò sí i nínú òun mọ́.